Òṣìṣẹ́, Ọ̀gá Rẹ̀ àti Iṣẹ́ Abẹ: Ìtàn Bí Ìsinmi Aláìsàn Ti Ṣe Dé Ilẹ̀ Wa

Àsọyé tí a sọ fún àwọn ará ní Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀

Nígbà tí a kéde pé ọ̀rọ̀ ìtàn ni a ó sọ, àwa mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ìtàn Ọ̀rànmíyàn tàbí ti Mọ́remí ni a tún fẹ́ gbé kalẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀tẹ̀ yìí. Ìtàn tí a mú wá kéré sí i, ó sì súnmọ́ ilé olúkúlùkù wa ju bẹ́ẹ̀ lọ: ohun tí òṣìṣẹ́ ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ kò dá, ohun tí ó ń fi pamọ́, àti bí ó ti ṣe di òfin pé kí a fún un ní àyè láti sinmi.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣẹlẹ̀ ni ó mú wa ronú sí i. Ọmọbìnrin kan wà tí a bí ní àdúgbò Ìlódè yìí, tí àwa sì kọ́ ní kátíkísìmù nígbà tí ó wà ní kékeré. Ó di akọ̀wé owó ní ọ́fíìsì kan ní Èkó. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti sanra. Nígbà tí ó sì fi máa pé ọmọ ọdún 34, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé bá a, orúnkún rẹ̀ kò sì fẹ́ gbé e mọ́. Dókítà gbà á ní ìmọ̀ràn pé kí ó jẹ́ kí a fi iṣẹ́ abẹ dín àpòlúkù rẹ̀ kù. Ọdún mẹ́ta ni ó fi dá àjọ kí owó náà tó pé. Nígbà tí ọjọ́ kò, kò sọ fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ìyá rẹ̀. Ní ọ́fíìsì, ó ní àbúrò bàbá òun ni ó kú ní Ifẹ̀, òun sì fẹ́ lọ bá wọn sin ín. Wọ́n fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere ní ojú, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹrin ibi tí a rán bẹ̀rẹ̀ sí jò nínú. Ibà gbé e dè, a sì tún gbé e padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ 26 ni ó lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní gbogbo àkókò yìí ọ́fíìsì ń retí rẹ̀. Nígbà tí wọn kò rí i, wọ́n tẹ ìbátan rẹ̀ kan láago tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé wọn, wọ́n sì bá a kẹ́dùn òkú. Ọkùnrin náà dáhùn pé, “Òkú wo?” Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìwé ìyọniníṣẹ́ ti jáde.

Ẹ kíyèsí i dáradára: kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ lé e. Òkú tí kò kú ni.

Nígbà tí ó padà sí ilé ìyá rẹ̀ ní Ìlódè níhìn-ín, a lọ bẹ̀ ẹ́ wò. A bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ òtítọ́. Ó dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ rántí ìwàásù tí ẹ ṣe lórí Ésáù, ní ọdún tí mo fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga? Ẹ ní àwọn kan wà láàrin ìjọ tí wọn yóò ta ogún ìbí wọn fún abọ́ iyán kan. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bojú wò mí.” Àwa kò rántí rẹ̀. Ẹni tí ó sọ̀kò kì í sábà rántí. Ẹni tí òkò bà ni kì í gbàgbé. A kò sì rí ohun tí a lè fi dá a lóhùn ní ọjọ́ náà. Àsọyé yìí ni ìdáhùn tí a rí lẹ́yìn-ọ-rẹyìn.

Ní ayé àwọn baba wa, ọ̀rọ̀ kí a máa ròyìn àìsàn fún ọ̀gá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Àgbẹ̀ tí kò jáde lọ sí oko, gbogbo agbo ilé mọ̀ kí oòrùn tó yọ. Bí ó bá wà nínú àwọn alááró, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a mọ̀ pé ó dùbúlẹ̀. Abẹ pàápàá kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Olóòlà ń kọ ilà, ó ń dábẹ́ fún ọmọ; onígbàjámọ̀ ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀; ẹni tí a bá sì fi abẹ kàn, ilé ni ó ń jókòó sí títí ojú egbò yóò fi jinná. Ohun tí ó jẹ́ àjèjì ni iṣẹ́ olówó oṣù: kí ènìyàn ta ọjọ́ rẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ará ilé rẹ̀, tí kò sì lè mọ̀ bí ó ti sùn àti bí ó ti jí àfi bí ó bá sọ fún un.

Lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe láàrin wa ni àwọn ará iṣẹ́ ìránṣẹ́ C.M.S., ọ̀dọ̀ wọn ni a sì ti lè rí ìtàn ìsinmi aláìsàn tí ó ṣe kedere. David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853. Ọ̀gá wọn kò sí ní Ìbàdàn, kò sì sí ní Èkó. Ìgbìmọ̀ ní London ni, èyí tí Henry Venn jẹ́ akọ̀wé rẹ̀ láti 1841 títí di 1872. Ibà kọlù wọ́n léraléra. Ní 1856 ara wọn kò gbé e mọ́, wọ́n padà sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti sinmi, wọ́n sì tún dé Ìbàdàn ní 1858. Lẹ́yìn èyí ni ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, gbogbo ọ̀nà sì dí. Fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, tọkọtaya yìí wà nínú ìlú, owó kò dé, oògùn kò dé, ìsinmi kò sì ṣe é gbà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó sọ pé kí wọ́n má gbà á. Ní 1865 ni Gómìnà Glover rán ènìyàn láti Èkó gba inú igbó Ìjẹ̀bú wá mú Anna jáde. Wọ́n tún padà wá. Ní 1869 ni wọ́n fi ilẹ̀ wa sílẹ̀ pátápátá, Anna sì kú ní 1870. Ní 1872 a kó àwọn lẹ́tà àti ìwé ìrántí rẹ̀ jọ, a tẹ̀ wọ́n ní ìwé fún gbogbo ayé láti kà.

Ìwé yìí ni ó la wa lójú sí ohun kan. Obìnrin náà kò fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ rárá. Gbogbo ibà, gbogbo àárẹ̀, gbogbo òru tí kò sùn, ó kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ní ìjọ tí ó jìnnà sì ń kà á, wọ́n ń gbàdúrà fún un. Kí ni ìdí rẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé ibà ajíhìnrere jẹ́ àìsàn tí ó ní ọlá. Ẹni tí ó bá ní in, a ń yìn ín. Àìsàn mìíràn wà tí kò ní ọlá kankan, ẹni tí ó bá ní in, a ń bi í léèrè ohun tí ó jẹ. Ọmọbìnrin Ìlódè yìí àti Anna Hinderer, méjèèjì ni ara wọn kò dá, méjèèjì ni wọ́n nílò ìsinmi; ọ̀kan kọ tirẹ̀ sínú ìwé, èkejì pa àbúrò bàbá rẹ̀ tí ó wà láàyè.

Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀gá ni a fi í sílẹ̀ sí láti wọn ọlá àti ìtìjú àìsàn kọ̀ọ̀kan, kí ó tó mọ èyí tí yóò fún ní ìsinmi, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ì bá ṣègbé. Èyí gan-an ni ohun tí àwọn aṣòfin ayé bẹ̀rẹ̀ sí yanjú ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1883, ìjọba Jámánì lábẹ́ Bismarck ṣe òfin pé kí òṣìṣẹ́ tí ó ṣàìsàn máa gba ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 13, láti inú àpò tí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá jọ ń dáwó sí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e ní 1911: pẹ́nì mẹ́rin láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ lọ́sẹ̀, mẹ́ta láti ọwọ́ ọ̀gá, méjì láti ọwọ́ ìjọba, bí ọkùnrin bá sì dùbúlẹ̀, ṣílè mẹ́wàá lọ́sẹ̀ ni tirẹ̀, ti obìnrin jẹ́ ṣílè méje àti àbọ̀. (Ìdí tí ebi obìnrin fi rọ̀ ju ti ọkùnrin lọ, kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa.) Nínú irú ètò wọ̀nyí, ìwé dókítà ni ó di kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá kò ní láti gba òṣìṣẹ́ gbọ́ mọ́, òṣìṣẹ́ kò sì ní láti bẹ̀bẹ̀ níwájú ọ̀gá. Ẹni kẹta tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì búra sí i, dúró láàrin wọn.

Ní ilẹ̀ wa ó pẹ́ kí ó tó dé. Ìjọba amúnisìn ṣètò ìsinmi gígùn fún àwọn òyìnbó rẹ̀ nítorí pé wọ́n gbà pé oòrùn ilẹ̀ wa ń pa wọ́n. Ẹni tí a bí sínú oòrùn náà ni a rò pé kò lè rẹ̀. Reluwé dé láti Èkó sí Ìbàdàn ní 1901, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilẹ̀ wa sì di olówó oṣù àti alágbàṣe. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ọjà wọ́n gógó, owó iṣẹ́ kò sì gbé ẹsẹ̀. Ní òṣù June 1945 àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí Michael Imoudu ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ reluwé wà lára àwọn aṣáájú wọn, da iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ju ogójì ọjọ́ lọ kí ọkọ̀ ojú irin tó tún máa rìn bí ó ti yẹ. Owó ni wọ́n ń jà fún, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti kọ́ láti béèrè owó yóò kọ́ láti béèrè ìsinmi. Ní ọdún 1945 kan náà ni a ṣe ìwé òfin iṣẹ́ fún Nàìjíríà. Lẹ́yìn òmìnira, ní 1974, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon ṣe Òfin Iṣẹ́ tí a ṣì ń lò títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí òfin yìí, nítorí àwa ti rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ tí ń bẹ nínú ìjọ, bóyá ni a ó rí mẹ́ta tí ó ti kà á. Ó ní òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 12 nínú ọdún kan, nígbà tí àìsàn fún ìgbà díẹ̀ bá mú kí ó má lè wá, bí dókítà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba bá ti jẹ́rìí sí i. Ó tún ní kí ó gba ìsinmi ọdọọdún tí kò dín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà lẹ́yìn tí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12. Àwọn tí òfin náà pè ní òṣìṣẹ́ ni àwọn tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé. Ó yọ àwọn ọ̀gá àti àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ pàtàkì sílẹ̀, ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ni yóò sọ tiwọn. Ní ti iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìlànà tí a tẹ̀ ní 2008 fi ọjọ́ 42 nínú oṣù 12 ṣe òpin fún ẹni tí kò sùn ní ilé ìwòsàn, kí a tó mú un lọ síwájú ìgbìmọ̀ àwọn dókítà.

Ọmọbìnrin wa jẹ́ akọ̀wé. Abẹ́ òfin yìí ni ó wà. Ọjọ́ 12 náà jẹ́ tirẹ̀. Kò béèrè fún ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ìwé dókítà tí ó lè gbèjà rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn tí ó dùbúlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe fi í ránṣẹ́, nígbà tí ó ti sọ pé ibi òkú ni òun wà?

Ẹ óò bi wá pé, irú iṣẹ́ abẹ wo tilẹ̀ ni èyí, ta ni ó sì mú un wá sí ayé? Kí a tó rí oògùn tí ń mú ènìyàn sùn, èyí tí a fi han gbogbo ènìyàn ní Boston ní 1846, àti kí Lister tó kọ́ àwọn dókítà ní 1867 bí a ti ń lé ìdíbàjẹ́ kúrò lójú egbò, kò sí ẹni tí ó ní làákàyè tí yóò jẹ́ kí a ṣí ikùn òun nítorí ọ̀rá. Ní 1952, Viktor Henrikson ní Göteborg, ní ilẹ̀ Sweden, gé lára ìfun obìnrin kan tí ó sanra jù. Ní 1954, Kremen àti Linner pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, ròyìn iṣẹ́ tí ó mú kí oúnjẹ fo apá tí ó pọ̀ jù nínú ìfun kọjá. Àwọn tí a ṣe é fún rù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru kò dá, ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn sì bàjẹ́, títí a fi pa á tì. Ní 1966, Edward Mason àti Chikashi Ito ní Iowa bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà mìíràn. Mason ti kíyèsí i pé àwọn tí a gé lára àpòlúkù wọn nítorí egbò inú kì í sanra mọ́. Ó wá dín àpòlúkù kù, ó sì so ó mọ́ ìfun ní ìsàlẹ̀. Láti inú èyí ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń ṣe lónìí ti yọ. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nísinsìnyí, tí a ṣe fún ọmọbìnrin wa, ni pé a gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù sọnù, èyí tí ó kù a sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ojú ihò kéékèèké ni àwọn dókítà ń gbà ṣe é, pẹ̀lú awò tí ń fi inú hàn wọ́n.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá sanra ni a ń ṣe é fún. Ní 1991, ìpàdé àwọn amòye ní Amẹ́ríkà fi òṣùwọ̀n kan lélẹ̀: a ó mú ìwọ̀n ara ní kílógíráàmù, a ó fi gíga ní mítà pín in ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tí tirẹ̀ bá tó 40, tàbí 35 pẹ̀lú àìsàn bí àtọ̀gbẹ, ni wọ́n ní ó yẹ. Obìnrin tí ó ga ní mítà 1.60, tí ó sì wọn kílógíráàmù 103, ti kọjá 40 díẹ̀. Ní 2022, àwọn ẹgbẹ́ dókítà tí ń ṣe iṣẹ́ náà tún sọ òṣùwọ̀n yìí kalẹ̀ sí 35 fún ẹnikẹ́ni, àti 30 fún ẹni tí àtọ̀gbẹ bá wà lára rẹ̀. A sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀ràn ẹwà, kì í sì í ṣe ọ̀nà ọ̀lẹ.

Ẹni tí a bá ṣe é fún ń lo nǹkan bí ọjọ́ kan sí mẹ́ta ní ilé ìwòsàn bí ohun gbogbo bá lọ déédéé. Fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, omi àti ohun tí ó rọ̀ bí omi ni oúnjẹ rẹ̀: omi ẹran, ògì tí ó ṣàn. Lẹ́yìn náà ohun tí a lọ̀ kúnná, lẹ́yìn náà ohun rírọ̀ bí ẹyin àti ẹja. Iyán Ifẹ̀ jìnnà réré. Ẹni tí ń jókòó ṣiṣẹ́ a máa padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ẹni tí ń gbé ẹrù wúwo ní láti dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Títí láé ni yóò sì máa jẹun díẹ̀ díẹ̀ nígbà púpọ̀ lóòjọ́, tí yóò máa mu omi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀, tí yóò sì máa lo àwọn oògùn amáralókun tí ikùn kékeré kò lè fa jáde láti inú oúnjẹ mọ́.

Ẹ wá ṣe ìṣirò pẹ̀lú wa. Ọjọ́ 12 ti àìsàn, pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́fà ti ọdọọdún, ó di 18. Ní ọ́fíìsì tí a ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti àbọ̀ lọ. Ó tó fún akọ̀wé, bí ohun búburú kankan kò bá ṣẹlẹ̀. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀, ìwé dókítà ni a ó fi béèrè síwájú sí i. Ọjọ́ márùn-ún ìsìnkú kò lè tó láé, ì báà ṣe pé abẹ náà dán bí dígí.

Ṣé ó wá di dandan kí ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé àpòlúkù òun ni a gé? Níbi tí àríyànjiyàn wà nìyí. Ọkùnrin kan nínú ìjọ wa, tí ó ní òṣìṣẹ́ bí ogún lábẹ́ rẹ̀, sọ fún wa pé, “Alàgbà, èmi ni mo ń san owó, ohun tí mo ń sanwó fún, mo gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.” Àwa kò fojú tín-ín-rín ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ní láti mọ ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ yóò lọ, ọjọ́ tí yóò bọ̀, ẹni tí yóò dì í mú fún un, àti ohun tí kò ní lè ṣe nígbà tí ó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígbé àpò sìmẹ́ńtì, tàbí nọ́ọ̀sì tí ń gbé aláìsàn dìde, ní láti sọ ju ti akọ̀wé lọ, nítorí ara tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láti mọ ìwọ̀nyí yàtọ̀ sí láti mọ ibi tí abẹ wọ̀. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti 2014 sọ pé ọ̀rọ̀ ìlera ẹni, ìtọ́jú tí ó gbà, àti pé ó tilẹ̀ wọ ilé ìwòsàn, àṣírí ni; ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ tú u láìjẹ́ pé ẹni náà fọwọ́ sí ìwé, tàbí kí ilé ẹjọ́ tàbí òfin pàṣẹ rẹ̀, tàbí kí ewu ńlá fún ará ìlú béèrè rẹ̀. Òfin Ààbò Àkọsílẹ̀ Ẹni ti 2023 tún ka ọ̀rọ̀ ìlera sí irú èyí tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ ju gbogbo ìyókù lọ, ọ̀gá tí ó bá sì tọ́jú ìwé òṣìṣẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun kò ṣàì bá irú rẹ̀ pàdé. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1993 fún òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí ó ní ènìyàn 50, bí ó bá ti lo oṣù 12 àti wákàtí 1,250 lẹ́nu iṣẹ́, ní ọ̀sẹ̀ 12 láìgba owó, a sì gbọ́dọ̀ pa iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ fún un. Ohun tí ó wù wá jù níbẹ̀ ni pé ìwé dókítà kò gbọdọ̀ wà nínú fáìlì kan náà pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Fáìlì ọ̀tọ̀ ni, kí ọ̀gá kékeré má baà ṣí i wò fún ìgbádùn. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òṣìṣẹ́ lè fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́rìí àìsàn fún ọjọ́ méje. Lẹ́yìn èyí ni ó tó di ti dókítà, ìwé tí a sì ń lò láti 2010 lè sọ pẹ̀lú irú iṣẹ́ fífúyẹ́ tí ó lè ṣe bí ó bá padà. A sọ èyí fún ọkùnrin ìjọ wa. Ó ní ti òyìnbó ni. A fi ti 2014 hàn án. Ó ní òun yóò rò ó.

Lẹ́tà tí ọmọbìnrin wa ì bá kọ kò ju ìlà mẹ́rin lọ: pé dókítà ti pa iṣẹ́ abẹ láṣẹ fún òun, pé ọjọ́ báyìí ni, pé òun ń béèrè ìsinmi aláìsàn fún ọ̀sẹ̀ báyìí, ìwé dókítà sì wà pẹ̀lú rẹ̀, pé lágbájá yóò di iṣẹ́ òun mú. Kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Kò sí àpòlúkù níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í síwájú sí i, ó lè fèsì pé ọ̀rọ̀ òun àti dókítà òun ni. Àwa mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa ó ṣòro láti sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà. A lè sọ ọ́ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n kí a sọ ọ́.

Ìdí tí kò fi kọ ọ́, àwa tí a wà lórí àga ìwàásù ní ìpín nínú rẹ̀. Ẹ wo bí a ti yí padà. Ní àárín 1956 sí 1961, Dókítà David Morley wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tí ó di ara ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ifẹ̀ ní 1975. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ń wọn àwọn ọmọ ọwọ́ lóṣooṣù, ó sì ń fi ìwọ̀n wọn sí orí káàdì kí àwọn ìyá lè rí ọmọ tí ń rù kí ó tó pẹ́ jù. Káàdì náà lọ káàkiri ayé. Nígbà náà, ọmọ tí ó sanra ni ayọ̀ ìyá, àgbà tí ó sì ní ikùn ni a ń pè ní ẹni tí ó rí jẹ. Nínú ìran kan péré ni òṣùwọ̀n kan náà di ohun tí a fi ń dá àgbà lẹ́bi. A kò sì fi ìyìn sílẹ̀ kí a tó gbé ẹ̀bi wá: ní ibi àsè, a ó bu iyán kejì fún obìnrin náà ní tipátipá, a ó bínú bí kò bá jẹ ẹ́, ní ọjọ́ ìsinmi, a ó fi Ésáù bá a wí. Àwọn dókítà ti fi hàn pé ẹbí tí a ti bí ni, omi ara tí ń mú ebi pani, oògùn tí a ń lò, àti oorun tí kò tó, gbogbo wọn ní ọwọ́ nínú ìsanrajù. A kò sọ pé kò sí wọ̀bìà láyé. A sọ pé ojú lásán kò lè mọ wọ̀bìà yàtọ̀ sí aláìsàn, àwa sì ti fi ojú lásán ṣèdájọ́ láti orí àga.

A ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ní ojú ìyá rẹ̀, ó sì gbà á. Ó béèrè bí òun bá lè bẹ ọ́fíìsì náà láti gba òun padà. A bá a kọ lẹ́tà, ó jẹ́wọ́ irọ́ ìsìnkú náà, ó fi ìwé dókítà sí i. Wọn kò gbà á. A kò lè dá wọn lẹ́bi pátápátá.

Ọdún méjì ti kọjá báyìí. Kò lo oògùn àtọ̀gbẹ mọ́, ó ń rìn láti Ìlódè dé Ẹnuwá láìjókòó lọ́nà. Ó ń tọ́jú ìwé owó fún atẹ̀wé kan ní Lágere. Nígbà tí ó gba iṣẹ́ náà, ọ̀gá rẹ̀ rí i pé ó ń ṣí abọ́ kékeré kan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ọ̀sán tó pọ́n, ó sì bi í léèrè. Ó dáhùn pé, “Ẹ má bínú, sà. Dókítà ni ó ní kí n máa jẹun bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kan tí mo ṣe; mo ní ìwé rẹ̀ nílé, bí ẹ bá fẹ́ rí i.” Ọkùnrin náà ní kò burú, ó sì fi àga kan sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ fún un, níbi tí àwọn oníbàárà kò ti ní máa wo ẹnu rẹ̀.